Ọjọ́ Tí Bọ́tìnì Gbọ́ "Ọkọ Mi"

Agogo yẹ́lò lù, gbogbo àpáta Ìdànrè sì mì. Mi ò purọ́. Àwọn ewúrẹ́ tó wà lókè jókòó lẹ́ẹ̀kan náà bí ìgbà tí pásítọ̀ ní kí ìjọ jókòó. Tí ẹ bá rí ẹni tó ní kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ bi í pé níbo ló wà lọ́jọ́ náà.

Inú ọkọ̀ mi ni mo wà, mò ń jẹ ẹ̀pà. Mo da ẹ̀pà sápò, mo ní kí ọkọ̀ máa sọ̀ kalẹ̀, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ̀ okùn ni mò ń wà, àpótí irin tó ń fi wáyà rìn láti ẹsẹ̀ òkè dé orí àpáta, níbi tí àwọn bàbá ńlá wa sá gòkè wá nígbà tí òkun gbé ìlú etí omi mì. Awakọ̀ pọ̀ lórí òkè yìí, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá gbọ́ orúkọ Akínfẹ́nwá, wọ́n á yọ fìlà. Mo lè fi ojú dídì wà á. Mo ti fi ojú dídì wà á rí, tí mò ń jẹ àgbàdo sísun, tí mò ń bá ẹnì kan jà lórí fóònù, ìjà náà sì dùn. Mi ò mọ̀wé. Tí ẹ bá kọ "a" síwájú mi, màá rò pé ìdí ìkòkò ni. Àmọ́ irin yẹn, tí mo bá ti sọ̀rọ̀ sí i, ó ti gbọ́ nìyẹn.

Okùn dúdú ni èrò ń fà nísàlẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ gòkè. Yẹ́lò, ti àwọn ọmọ wa ni. Ọmọ tí wọ́n bá lé nílé torí ẹni tó fẹ́ràn, tàbí èyí tí wọ́n bí ní ọkùnrin tó sì mọ̀ pé obìnrin lòun, kò ní wá ẹnikẹ́ni lọ. Kó ṣáà fa yẹ́lò. A ò ní gba kọ́bọ̀, a ò ní bi í ní nǹkan kan. Màá sọ̀ kalẹ̀, màá ṣílẹ̀kùn, màá sì sọ ọ̀rọ̀ tí Mọ̀mí Fọlárànmí kọ́ wa: "Ẹ wọlé." Bó jẹ́ ọmọ tí eyín rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà ni, "ẹ wọlé" náà ni. Mọ̀mí ní ẹni tí wọ́n ti fi "ìwọ" lé jáde, "ẹ̀yin" ló yẹ ká fi gbà á wọlé. Ìdí nìyẹn tí gbogbo òkè fi ń pe ilé Mọ̀mí, níbi tí à ń gbà wọ́n sí, ní Ilé Ẹ-Wọlé.

Ọmọbìnrin kan ló fà á lọ́jọ́ yẹn. Ó dúró nínú oòrùn ọ̀sán gangan, ó fi ìborùn wé ọrùn gbáu. Mo ti mọ̀. Ẹni tó bá wé ìborùn sọ́rùn nínú irú oòrùn yẹn, bọ́tìnì rẹ̀ ti pọ́n.

Mo ní ẹ wọlé. Ó wọlé, ó ní Ṣíjúadé lorúkọ òun. Mo ní kó tú ìborùn náà, ooru ò mọ òfin. Ó tú u. Bọ́tìnì náà pọ́n rokoso ní ihò ọ̀fun rẹ̀ bí ojú ẹni tí ò sùn. Ìjọba Pẹ̀tẹ́lẹ̀ ló ń dè é mọ́ gbogbo ọ̀dọ́ lọ́rùn, láti ìgbà tí irùngbọ̀n tàbí ọmú bá ti yọ títí tí èèyàn á fi di bàbá tàbí ìyá ẹni. Ó ń fi ohùn mọ akọ, ó ń fi ohùn mọ abo. Obìnrin tó bá pe obìnrin ní ọkọ tàbí ìyàwó, ọkùnrin tó bá pe ọkùnrin bẹ́ẹ̀, á pọ́n.

Kó lè rẹ́rìn-ín, mo sọ tèmi fún un. Tèmi náà ti pọ́n rí. Ẹni tó ṣe nǹkan yẹn ò létí fún ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀. Mò ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, mo ní ọkọ̀ mi ti gbóná, ọkọ̀ mi ń fẹ́ òróró. Pupa. Wọ́n wọ́ mi dé iwájú Olùgbọ́, òṣìṣẹ́ Pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ bọ́tìnì, ó ní ta ni ọkọ mi yìí tó ń fẹ́ òróró. Mo ní kó yọjú síta, ó wà lórí wáyà, àwa méjèèjì ò tíì mú ọjọ́ ìgbéyàwó. Bẹ́ẹ̀ ẹni tí mo fẹ́ràn lóòótọ́, ọkùnrin ni, ó ga tó òpó iná, òun gan-an ni mò ń bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, wọn ò gbọ́ tiẹ̀. Wọ́n mú olè, wọ́n ní ó jí ohun tí kò jí.

Ṣíjúadé fi imú rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ló wá sọ tiẹ̀. Ó ń gbé omi kaná nílé bàbá rẹ̀, Ìmísí, ọmọbìnrin tó fẹ́ràn, sì wà lórí fóònù. Ó kàn bi í pé, "Ìyàwó mi, ṣé o ti jẹun?" Kó tó gbé omi náà kúrò lórí iná, ẹrù rẹ̀ ti wà níta.

Mo ní kí ni Ìmísí wá sọ. Ó ní Ìmísí ní òun ò tíì jẹun.

* * *

Tí ẹ bá wọ Ilé Ẹ-Wọlé, ẹ ò ní mọ̀ pé ilé ìbànújẹ́ ló yẹ kó jẹ́. Ariwo ibẹ̀ lè jí òkú. Ẹnì kan ń gerun, ẹnì kan ń kọ́ ẹnì kan ní ìṣirò, ẹnì kan ń sunkún, ẹnì kan ń bínú pé ta ló jẹ ẹran òun. Bẹ́ǹṣì kan wà lábẹ́ igi kòkó. Ẹni tó bá lọ jókòó síbẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tó ti kọ́ṣẹ́ gbígbọ́ á lọ jókòó tì í. Kò ní gbà á nímọ̀ràn, àfi tó bá bèèrè. Mo ti sùn lórí bẹ́ǹṣì yẹn rí, ẹni tó ń gbọ́ mi sì ń gbọ́ ìhanrun mi títí mo fi jí. Ìdílé tó bá lé ọmọ, Mọ̀mí fúnra wọn ló ń lọ bá wọn. Wọ́n á jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bàbá náà, nínú erùpẹ̀, títí ojú á fi tì í tí á gbé àga jáde. Tó bá ti gbé àga jáde, ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n kó tó fẹ̀yìn tì. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí lọ sí Ilé Àtúnṣe nísàlẹ̀. Kò bọ̀.

Ilé Àtúnṣe náà ló ń dúró de Ṣíjúadé. Gbogbo wa mọ òfin. Lọ́jọ́ kejì tí bọ́tìnì bá pọ́n, Olùgbọ́ á wá ṣe ìgbọ́rọ̀. Ó ní gbólóhùn kan tí wàá sọ sínú ẹ̀rọ: "Kò sí lọ́kàn mi." Tí o bá ti sọ ọ́, bọ́tìnì á di àwọ̀ ewé, wàá máa lọ sílé. Bàbá Ṣíjúadé tiẹ̀ ti ránṣẹ́ pé tó bá ti sọ ọ́, ilẹ̀kùn ṣí. Ìkà kan ló wà nínú rẹ̀: bí o bá ṣe ń sọ ọ́ níbí, bẹ́ẹ̀ ni bọ́tìnì ẹni tí o fẹ́ràn á máa sọ ọ́ lọ́rùn tiẹ̀, pẹ̀lú ohùn rẹ. Ìmísí á gbọ́ ọ láti ọ̀fun ara rẹ̀. Tí o ò bá sì sọ ọ́, Ilé Àtúnṣe ni, wọ́n á sì fi irin ti ilé tó gbà ọ́.

Bí wọ́n á ṣe fi irin ti ilé yẹn ló ń pa á. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ní báwo lòun ṣe fẹ́ mú kí gbogbo àwọn ọmọ yìí sùn síta torí òun. Mọ̀mí ló lọ jókòó tì í. Ó bi wọ́n pé kí lòun máa ṣe.

Mọ̀mí ní, "Èyí tó bá jẹ́ ti ọkàn yín, ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ilé wọ̀n ọ́n. Ẹ̀yin la kọ́lé fún, a ò bí yín fún ilé."

* * *

Èmi náà ni mo gbé Olùgbọ́ gòkè láàárọ̀ ọjọ́ kejì, torí kò sí ọkọ̀ míì nílẹ̀. Ọlátẹ́jú ló ń jẹ́, ọkùnrin kan báyìí tó máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó fẹ́ tà ọ́ ní ọṣẹ. Mo jẹ́ kí ọkọ̀ fì díẹ̀. Díẹ̀ ni mo pè é; ó di irin mú bí ọmọ tó di ọmú mú. Ọ̀dọ́bìnrin tó ń gbé ẹ̀rọ tẹ̀ lé e ò tiẹ̀ mira. Mo wò ó. Ẹni tí ò bẹ̀rù wáyà yẹn, orí àpáta ni wọ́n bí i. Ó lóun ń jẹ́ Adéyẹmọ́. Mo bi í pé ọmọ agboolé wo, ó wo ìta.

Òfin wọn ní ìgbọ́rọ̀ gbọ́dọ̀ ní ẹlẹ́rìí láti àdúgbò, ẹlẹ́rìí sì gbọ́dọ̀ wọ bọ́tìnì, bí ó tilẹ̀ darúgbó, kí ẹ̀rọ lè gbọ́ ọ. Àwọn ìyàwó agboolé Adúwọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ni wọ́n pè. Wọn ò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn wa, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́. Wọ́n ní ariwo wa pọ̀, wọ́n ní àwọn ò mọ ohun tí àwa jẹ́ gan-an. Àmọ́ àwa là ń bá wọn fa omi, wọ́n sì máa ń bu ọbẹ̀ ránṣẹ́ tí wọ́n bá se é tó pọ̀. Wọ́n jókòó sórí àpáta, wọ́n ń so bọ́tìnì mọ́rùn, wọ́n ń fi ara wọn ṣẹ̀fẹ̀ pé àwọn ti di ọmọge.

Olùgbọ́ ní kí Ṣíjúadé súnmọ́ ẹ̀rọ. Ó bá a sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, ó ní bàbá rẹ̀ ń dúró dè é, ó ní gbólóhùn kékeré ni. Ṣíjúadé la ẹnu. Ẹ wò ó, èmi tí mo lè purọ́ fún àpáta kí àpáta gbà á, ojú ni mo fi ń bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ ọ́, kó lọ, ìyókù á yé Ìmísí tó bá yá. Mọ̀mí ò wò ó rárá, kí ojú wọn má baà tì í síhìn-ín tàbí sọ́hùn-ún.

Ìgbà yẹn gan-an ni Ìyá Àgbà Arómáṣọdún dé. Àwọn ló dàgbà jù nínú àwọn ìyàwó Adúwọ̀. Wọ́n fi ọ̀pá rìn dé, wọ́n jẹ́ kí wọ́n so bọ́tìnì mọ́ wọn lọ́rùn, wọ́n ń ráhùn pé ó tutù bí ọwọ́ ọ̀pọ̀lọ́. Wọ́n wá gbójú sókè, wọ́n rí Adéyẹmọ́ tó dúró ti ẹ̀rọ.

Wọ́n wò ó títí. Wọ́n fi ọ̀pá sílẹ̀, wọ́n tẹ orúnkún díẹ̀, bí ọjọ́ orí ṣe gbà wọ́n láyè, wọ́n ní, "Ọkọ mi, káàbọ̀."

Ẹ̀rọ ké. Ó ní, pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tó dà bí àtẹ̀gùn nínú agolo, "Pupa. Obìnrin pe obìnrin ní ọkọ." Bọ́tìnì ọrùn Ìyá Àgbà pọ́n.

Ẹ̀yin ará òkè, ẹ mọ̀ ọ́n. Obìnrin tó bá fẹ́ ọkọ sínú agboolé, gbogbo ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀, akọ abo, ọkọ rẹ̀ ni. Ọmọ ọwọ́ pàápàá, tó bá ń tọ̀ sí i lára, "ọkọ mi, o ti tọ̀" ló máa sọ. Ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, wọ́n ti fi ìbẹ̀rù gbàgbé ẹ. Àwọn tó kọ́ ẹ̀rọ náà, pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti lọ gbọ́rọ̀ tí wọ́n fi kọ́ ọ.

Olùgbọ́ rẹ́rìn-ín ọṣẹ rẹ̀. Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má bínú, ó ní àṣìṣe kékeré ni, kí wọ́n ṣáà sọ sínú ẹ̀rọ pé kò sí lọ́kàn wọn, òun á pa á rẹ́.

Ìyá Àgbà bi í pé kí ni kò sí lọ́kàn àwọn.

Ó ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n pe ọmọ yìí.

"Adéyẹmọ́ tí mo pọ̀n? Tó jẹ́ pé èmi ni mo gé ìwọ́ rẹ̀, tí ìyá rẹ̀ sì gbé lọ sísàlẹ̀ tí mo sunkún tí mi ò jẹun? Òun ni kó má sí lọ́kàn mi?" Wọn ò pariwo. "Ọmọ mi, wá gbólóhùn míì fún mi. Èyí ò ṣeé sọ."

Adéyẹmọ́ ń wo ilẹ̀. Olùgbọ́ tún bẹ̀. Ìyá Àgbà ń wá ọ̀pá wọn.

Ṣíjúadé ló mú ọ̀pá náà fún wọn. Ó nàró. Ó lọ sí iwájú ẹ̀rọ, ó ní, "Ó wà lọ́kàn mi."

Olùgbọ́ ní kó rọra, ó ní ọ̀rọ̀ ti ìyá yìí yàtọ̀, àṣà ni. Ó tiẹ̀ fẹ́ràn ọmọ náà, mo rò bẹ́ẹ̀, torí ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní tó bá lè sọ pé àṣà ni, pé eré ni, òun á gbà á bẹ́ẹ̀.

"Kì í ṣe àṣà, sà. Kì í ṣe eré," Ṣíjúadé wí. "Mo fẹ́ràn Ìmísí. Ìyàwó mi ni mo pè é, ohun tó sì jẹ́ sí mi nìyẹn."

Ẹ̀rọ ké. Pupa náà tàn débi pé àwọn àkùkọ agboolé kejì rò pé ilẹ̀ ti mọ́ lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n kọ.

Ìyá Àgbà bi Olùgbọ́ pé ṣé bí ẹ̀rọ ṣe ké fún àwọn náà ló ṣe ké fún ọmọ yìí. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní ṣé ẹ̀rọ náà ló ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀, àbí Olùgbọ́ fúnra rẹ̀. Ó ní òun ni. Wọ́n wá yíjú sí Adéyẹmọ́. "Ọkọ mi, ìwọ tó kàwé. Òfin ní ta ni kó gbọ́?"

Ó ní òfin sọ pé ẹ̀rọ nìkan ni.

"Ẹlẹ́rìí tó bá pọ́n ńkọ́?"

"Kò lè jẹ́rìí mọ́, mà. Ìgbọ́rọ̀ tí kò bá sì ní ẹlẹ́rìí," ó wo ọ̀gá rẹ̀, ó parí ẹ̀, "kì í ṣe ìgbọ́rọ̀."

Ìyá Àgbà jókòó. Wọ́n fọwọ́ gbá ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n ní, "Ọkọ mi Ṣíjúadé, wá jókòó tì mí."

Ẹ ò rí nǹkan. Ó jókòó tán, ìyàwó Adúwọ̀ kan yíjú sí ọmọbìnrin wa kan tó ń gerun láàárọ̀, èyí tí òun àti ẹ̀ máa ń jà lórí okùn aṣọ. Ó ní ọkọ mi, ìgbà wo lo fẹ́ gé tèmi. Pupa. Òmíràn ní ọkọ mi, wá bá mi tú bọ́tìnì yìí, ó ń há mi lọ́rùn. Pupa. Wọ́n ń pe ara wọn ní ìyàwó mi, ìyálé ń kí ìyàwó, ìyàwó ń kí ìyálé, ẹ̀rọ ń ké títí ohùn rẹ̀ fi há, kò sì ku ẹlẹ́rìí kan tí kò pọ́n. Orí àpáta pọ́n. Àwọn àgbẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ rò pé igbó ń jó, wọ́n gbé omi, wọ́n ti dé ìdajì ọ̀nà kí wọ́n tó sọ fún wọn. Èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀.

Olùgbọ́ ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní kí n gbé ọkọ̀ wá, gbogbo ẹni tó pọ́n ló ń lọ sísàlẹ̀. Mo kí i dáadáa, mo ní, "Ọ̀gá, ọkọ̀ mi ò lè gbé wọn."

Bọ́tìnì mi pọ́n.

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mọ̀mí náà bú sẹ́rìn-ín, èyí tí mi ò tíì rí rí láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n, wọ́n fi etí aṣọ nu ojú. Wọ́n wá dìde, wọ́n sọ fún Olùgbọ́ pé kó máa lọ sílé, kó lọ kó ẹ̀rọ tó tóbi ju èyí wá tó bá wù ú. Ibí làwọn á wà. Ilẹ̀kùn àwọn kì í tì.

Ó ní òun á padà wá. Mo mọ̀ pé á padà wá. Kì í ṣe òmùgọ̀.

Ó wọnú ọkọ̀. Adéyẹmọ́ gbé ẹ̀rọ tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ kan nínú, ẹsẹ̀ kan níta. Ó dúró. Láti àárọ̀ ni Ìyá Àgbà ti ń kí i, kò sì tíì dá wọn lóhùn bí ọmọ ilé ṣe ń dá ìyàwó ilé lóhùn.

Ó yíjú padà, ó ní, "Ìyàwó mi, ó dàbọ̀ o, mà."

Tiẹ̀ náà pọ́n. Ọ̀gá rẹ̀ wò ó. Adéyẹmọ́ ní ìborùn lápò, mo rí i. Kò yọ ọ́.

Mo gbé wọn sọ̀ kalẹ̀, mi ò jẹ́ kí ọkọ̀ fì. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé mo máa ń fiyọ̀ sí i. Èyí tó kù yìí, mi ò fi nǹkan kan sí i.

Nígbà tó kù díẹ̀ ká kanlẹ̀, agogo yẹ́lò lù lórí mi, rọra báyìí. Mo ṣílẹ̀kùn. Ọmọbìnrin kan ló wà níbẹ̀, ó gbé abọ́ oúnjẹ méjì tí wọ́n dé pa pọ̀ sí àyà, ọwọ́ kejì ṣì wà lára okùn. Bọ́tìnì rẹ̀ pọ́n, kò fi nǹkan bò ó. Ó rí aṣọ Olùgbọ́, kò sì sún sẹ́yìn.

Ó bi mí pé ṣé ọkọ òun wà lókè.

Olùgbọ́ ní láti yẹ̀ fún un kó tó lè jáde. Mo yọ fìlà.

Mo ní, "Ẹ wọlé."